Etí Mẹkáníìkì àti Péjò 504

Kí àwọn ẹ̀rọ tí wọ́n ń ki bọ abẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù tó dé, etí, imú àti àtẹ́lẹwọ́ ni mẹkáníìkì ilẹ̀ Yorùbá fi ń mọ ohun tó ń ṣe ẹ́ńjìnì tó ti gbó. Ọ̀pọ̀ wọn kò kọ́ iṣẹ́ yìí nínú ìwé. Ọ̀dọ̀ ọ̀gá ni wọ́n ti kọ́ ọ, lẹ́bàá títì tàbí lábẹ́ igi, ọkọ̀ tí àìmọye wọn sì fi mọwọ́ ni Péjò 504, pàápàá èyí tó ní ìlà ìjókòó mẹ́ta tí wọ́n fi ń kó èrò, àti pík-ọ́ọ̀pù rẹ̀ tó ń gbẹ́rù oko wá sọ́jà.

Iṣẹ́ náà ti wà kí Péjò tó dé. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún, nígbà tí mọ́tò ṣì jẹ́ ìran àpéwò, ọgbà iṣẹ́ ìjọba àti ti rélùwéè ni àwọn ọmọ ìbílẹ̀ ti kọ́kọ́ rí inú ẹ́ńjìnì. Àwọn oníṣòwò Èkó bíi W. A. Dawodu náà ń ta mọ́tò, wọ́n sì ń tún un ṣe. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, Bedford àti Austin di ọkọ̀ akẹ́rù àti akérò: ẹ́ńjìnì àti férémù ni wọ́n ń kó wọ̀lú, àwọn káfíńtà ibí sì ń kan pákó lé e lórí. Bọ́lẹ̀kájà nìyẹn. Ohun èlò rẹ̀ tó bá ṣẹ́ tí kò sí tuntun lọ́jà, àgbẹ̀dẹ a máa rọ irú rẹ̀. Kò yani lẹ́nu pé àwọn mẹkáníìkì àti awakọ̀ ka Ògún sí tiwọn, tí ajá kò sì wọ́n nídìí iṣẹ́ wọn nígbà ọdún rẹ̀.

Òbí ló ń mú ọmọ lọ fún ọ̀gá. Ọdún mélòó kan ni ọmọ iṣẹ́ yóò fi máa fi epo bẹntiróòlù fọ irin, tí yóò máa na sípánà sí ọ̀gá tó dùbúlẹ̀ sábẹ́ ọkọ̀. Ẹni tí kò mọ ìwé kà yóò mọ sípánà "tẹ̀ẹ́nì" yàtọ̀ sí "tatíìnì" bó ti ń fọwọ́ kàn án. Ìgbà tó bá gba fírídọ̀mù, tí wọ́n gbàdúrà fún un, tí wọ́n jẹ, tí wọ́n mu, ló tó lè pe ara rẹ̀ ní ọ̀gá.

Ní 1968 ni Peugeot gbé 504 jáde ní ilẹ̀ Faransé. Ní 1972 ìjọba Nàìjíríà bá ilé-iṣẹ́ náà tọwọ́ bọ̀wé àdéhùn, nígbà tó sì di 1975 wọ́n ti ń to ọkọ̀ náà pọ̀ ní Kàdúná. Ọdún 1975 yẹn kan náà ni Volkswagen bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀ ní Èkó. Owó epo rọ̀bì ń wọlé, ọ̀gá ìjọba ń gun Péjò, olùkọ́ àgbà náà ń gùn ún. Nígbà tó bá wá gbó lọ́wọ́ wọn, ó di ti garéèjì: Ìbàdàn sí Èkó, Àkúrẹ́ sí Benin, Òṣogbo sí Ìlọrin, èrò há mọ́ra bí ìṣáná inú páálí.

Bí wọ́n ṣe ṣe ẹ́ńjìnì yẹn ló jẹ́ kí mẹkáníìkì ẹ̀bá títì lè kápá rẹ̀. Ó dà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan nínú bọ́nẹ́ẹ̀tì, àyè sì wà láti na ọwọ́ dé ibi tó bá wuni. Irin líle ni ara rẹ̀, àlúmíníọ̀mù ni orí rẹ̀, káàbùrétọ̀ ló ń po epo mọ́ atẹ́gùn fún un. Èyí tó tún dára jù ni pé láínà tí písítìn ń rìn nínú rẹ̀ ṣeé yọ. Bí ó bá jẹ, wọn a fà á jáde, wọn a ki òmíràn bọ̀ ọ́ pẹ̀lú písítìn àti ríìngì rẹ̀, láìgbé odindi ẹ́ńjìnì lọ síbi tí wọ́n ti ń fi ẹ̀rọ gbẹ́ irin.

Bí awakọ̀ bá wá ní "ọ̀gá, kò fà mọ́," ọ̀gá kì í kọ́kọ́ mú sípánà. Yóò ní kí wọ́n sitáàtì rẹ̀, yóò wá dúró. Bí ohùn rẹ̀ bá ń tiro, sílíńdà kan ló ń sùn. Láti mọ èyí tó jẹ́, yóò máa yọ wáyà pílọ́ọ̀gì lọ́kọ̀ọ̀kan. Èyí tó bá yọ tí ohùn ẹ́ńjìnì yí padà, sílíńdà yẹn ń ṣiṣẹ́. Èyí tó yọ tí kò sí ìyàtọ̀, ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà. Yóò tú pílọ́ọ̀gì ibẹ̀, yóò gbé e sójú oòrùn: bó bá pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, ara rẹ̀ le, bó bá dúdú tó gbẹ bí èédú, epo ti pọ̀ jù, bó bá dúdú tó tún ń yọ̀, ọ́ìlì ń gòkè.

Bí ó bá ṣe pé gbogbo rẹ̀ ló ń ṣe wọ̀ọ̀, yóò ṣí ìdérí atẹ́gùn, yóò fi àtẹ́lẹwọ́ bo ẹnu káàbùrétọ̀ díẹ̀. Bí ẹ́ńjìnì bá sọjí nígbà tí ọwọ́ ń dí atẹ́gùn, a jẹ́ pé epo kò tó o: ìdọ̀tí ti dí ihò, tàbí atẹ́gùn ń gba ibòmíràn wọlé. Ọmọ iṣẹ́ yóò tú jẹ́ẹ̀tì, yóò fi ẹnu fẹ́ ẹ, òórùn bẹntiróòlù yóò sì wà lẹ́nu rẹ̀ títí di alẹ́. Bí ó bá sì jẹ́ iná ni kò dáa, àríyànjiyàn ayérayé dé nìyẹn. Mẹkáníìkì á ní rẹ́wáyà, ẹni tó ń tún iná ọkọ̀ ṣe, ló ba á jẹ́, rẹ́wáyà á ní mẹkáníìkì ni.

Èéfín náà ń sọ tirẹ̀. Dúdú ni ti epo tó pọ̀ jù. Èyí tó rí bí omi aró ni ti ọ́ìlì tó ń jóná. Funfun kò burú láàárọ̀ ọyẹ́, àmọ́ bí ẹ́ńjìnì bá ti gbóná tí kò tán, omi ń wọ sílíńdà nìyẹn. Kí wọ́n ṣí rédíétọ̀, wọn yóò rí i tó ń yọ fóòmù, ọ́ìlì yóò sì ti rí bíi tíì onímílíìkì. Orí àlúmíníọ̀mù 504 kì í fara da híhó. Bó bá hó lẹ́ẹ̀kan nínú gósílò, ó lè tẹ̀, àwọn tọ́nà ni yóò fá a tẹ́jú padà. Fún sílíńdà tí kò lágbára, ọ̀gá yóò da ọ́ìlì ṣíbí kan sí ihò pílọ́ọ̀gì: bí agbára bá padà, ríìngì ló jẹ, bí kò bá padà, fáàfù ni.

Kì í ṣe gbogbo àṣà wọn ló dára. Ọ̀pọ̀ ló máa ń yọ tẹmosítáàtì sọnù, pé ilẹ̀ olóoru kò nílò rẹ̀. Àṣìṣe gbáà ni: ẹ́ńjìnì tí kò gbóná tó ń mu epo jù, ó sì tètè ń jẹ.

Lọ́dún 1986, ètò àtúntò ọrọ̀ ajé tí wọ́n ń pè ní SAP gbé iye náírà wálẹ̀, ohun èlò tuntun sì gbówó lórí. Tòkunbọ̀ gbòde, ọjà Ládípọ̀ ní Múṣin àti ti Géètì ní Ìbàdàn kún fún ẹ́ńjìnì àlòkù. Láti ìgbà náà, àrùn tuntun kún ti àtijọ́: ohun èlò ayédèrú. Mẹkáníìkì tó ti rí àìsàn ọkọ̀ dájú lè fi pílọ́ọ̀gì tuntun tó ti kú dípò èyí tó sàn jù ú lọ.

Kàdúná ṣì ń to 504 jọ títí di nǹkan bí 2005, ọdún púpọ̀ lẹ́yìn tí Faransé ti dáwọ́ dúró. Láàárín ìgbà yẹn, Amẹ́ríkà ti ṣòfin pé kí gbogbo mọ́tò tí wọ́n bá tà lọ́hùn-ún láti 1996 ní ojú kan náà tí kọ̀ǹpútà lè gbà bi ẹ́ńjìnì léèrè ohun tó ń ṣe é. Àwọn mọ́tò wọ̀nyẹn ni tòkunbọ̀ òde òní, brain box, kọ̀ǹpútà inú ọkọ̀, ló ń darí wọn, abúlé mẹkáníìkì tí kò bá sì ní síkánà, ẹ̀rọ tí wọ́n ń ki bọ ojú yìí, kò lè rí oníbàárà púpọ̀. Àwọn ọmọ iṣẹ́ tuntun mọ nọ́ńbà àṣìṣe ju ohùn lọ. Bí pík-ọ́ọ̀pù tó gbé ẹ̀gẹ́ bá wá já wọlé tó ń tiro, wọn a gbé síkánà sílẹ̀, wọn a lọ pe bàbá ọ̀gá, nítorí Péjò 504 kò ní ojú tí wọ́n ń ki í bọ̀.