Dongo, Ṣàngó àti Zeus: Bí ibi tí àrá sán sí ṣe ń di ojúbọ

Nígbà tí oṣù Kẹrin bá ń lọ sópin, ooru Niamey a máa ju ìwọ̀n 40 lọ. Ní Talladjé, ní apá ìlà-oòrùn olú ìlú orílẹ̀-èdè Niger yìí, àti ní àwọn oko tó yí ìlú náà ká, ojú ọ̀run ni gbogbo ènìyàn ń wò, nítorí òjò tó ń bọ̀ ni yóò sọ bóyá jéró yóò kún àká tàbí kò ní kún un. Àsìkò yìí gan-an ni àwọn Zarma àti Songhay, tí wọ́n ti ń gbé etí odò tó gba Niamey kọjá láti ọ̀pọ̀ ọ̀rúndún, máa ń ṣe ètùtù tí wọ́n ń pè ní yenendi. Ìtumọ̀ orúkọ náà ni mímú kí nǹkan tutù. Ẹni tó bá ti rí bí wọ́n ṣe ń fi omi ìgbín tu òrìṣà lójú nílẹ̀ Yorùbá kò nílò àlàyé púpọ̀.

Ẹni tí wọ́n ń tù lójú ni Dongo, tó ni àrá. Ìyá rẹ̀ ni Harakoy Dikko, tó ni odò. Odò kan náà sì ni èyí tí àwa ń pè ní Odò Ọya. Lọ́dọ̀ tiwa, aya Ṣàngó ni odò náà. Lọ́dọ̀ tiwọn, òun ni ìyá tó bí àrá. Èyí kò fi hàn pé ẹnì kan kọ́ ìtàn náà lọ́wọ́ ẹnì kejì, ṣùgbọ́n ó dájú pé àwọn méjèèjì ti jókòó pẹ́ létí omi kan náà, tí wọ́n ń wo ìjì bí ó ti ń ṣú bọ̀.

Àáké ni Dongo ń sọ sílẹ̀ láti òkè, gẹ́gẹ́ bí Ṣàngó ti ń sọ ẹdùn àrá. Ohun tí wọ́n ń tọ́ka sí ṣeé fọwọ́ bà. Àáké òkúta dídán ni, èyí tí àwọn ará àtijọ́ gbẹ́ nígbà tí irin kò tíì dé. Ọ̀pọ̀ ẹgbẹ̀rún ọdún ni irú òkúta bẹ́ẹ̀ ti wà nínú ilẹ̀. Bí òjò ńlá bá ṣí erùpẹ̀ kúrò lórí rẹ̀, àgbẹ̀ tó jáde ní àárọ̀ ọjọ́ kejì yóò rí ohun tí kò sí níbẹ̀ lánàá. Àwọn ará Gíríìkì àtijọ́ náà rí irú rẹ̀, wọ́n sì gbà pé àrá ló gbé e wá.

Ilẹ̀ tí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ bá já lé kì í ṣe ilẹ̀ lásán mọ́. Nílẹ̀ Yorùbá, bí àrá bá sán lu ilé kan, àwọn Mọ́gbà Ṣàngó ní láti wá hú ẹdùn àrá jáde, kí wọ́n sì ṣe ètùtù. Nílẹ̀ Gíríìkì, wọ́n á sọ ọgbà yí ibẹ̀ ká, wọ́n á sì yà á sọ́tọ̀ fún Zeus.

Ìkòkò idẹ ní Olympia

Olympia ni ojúbọ Zeus tó lókìkí jù lọ. Pausanias, arìnrìn-àjò Gíríìkì kan tó débẹ̀ ní ọ̀rúndún kejì lẹ́yìn ìbí Kristi, ṣàpèjúwe pẹpẹ kan tí wọ́n sọ ọgbà yí ká. Ìtòsí pẹpẹ ńlá tí wọ́n fi eérú mọ ni pẹpẹ náà wà, orúkọ tí wọ́n sì ń pe Zeus níbẹ̀ ni Kataibates, ìyẹn ẹni tó ń sọ̀ kalẹ̀. Nínú tẹ́ńpìlì ńlá tó wà nítòsí ni ère Zeus tí Phidias fi wúrà àti eyín erin ṣe wà. Gíga rẹ̀ tó nǹkan bí mítà 12, ó sì wà lára àwọn ohun ìyanu méje ayé àtijọ́. Ìtàn sọ pé nígbà tí Phidias parí iṣẹ́ náà, ó gbàdúrà pé kí Zeus fi àmì hàn bí ó bá tẹ́ ẹ lọ́rùn. Lójú ẹsẹ̀ ni àrá sán lu ilẹ̀ tẹ́ńpìlì náà. Pausanias rí ìkòkò idẹ tí wọ́n fi bo ojú ibẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ọ̀rọ̀ ìkòkò yìí sọ́kàn.

Àrá Gangel

Ní ọdún 1942, ọ̀dọ́mọkùnrin ará Faransé kan, Jean Rouch, ń ṣiṣẹ́ ẹnjiníà ojú ọ̀nà ní Niger. Ní Gangel, abúlé apẹja kan nítòsí Niamey, àrá pa mẹ́wàá nínú àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀. Kò sí ohun tí ẹ̀kọ́ ẹnjiníà lè ṣe sí i. Damouré Zika, ọmọ ìdílé Sorko tó ń bá a ṣiṣẹ́, sọ fún un pé ìyá àgbà òun, Kalia, mọ ohun tó yẹ ní ṣíṣe. Apẹja ni àwọn Sorko, àwọn náà ló sì ni oríkì Dongo lẹ́nu. Ohun tí Rouch rí lọ́jọ́ náà yí ayé rẹ̀ padà: ó fi iṣẹ́ ẹnjiníà sílẹ̀, ó di onímọ̀ nípa àṣà ẹ̀dá àti ayafíìmù, ó sì ya fíìmù tó ju ọgọ́rùn-ún lọ. Ó ya yenendi ìlú Simiri ní 1951. Ní 1968, àrá tún sán ní Gangel, ó sì padà lọ ya ètùtù tí àwọn apẹja ibẹ̀ ṣe.

Ẹni tó bá ń wá òpó mábù níbẹ̀ kò ní rí i. Ohùn ni wọ́n fi kọ́ ojúbọ náà. Gòjé olókùn kan ń ké, wọ́n ń lu igbá tí wọ́n dojú rẹ̀ délẹ̀, àwọn Sorko ń ki oríkì, títí Dongo yóò fi gun ẹlẹ́gùn rẹ̀. Wọ́n á wọ aṣọ dúdú fún un, wọ́n á sì fi àáké lé e lọ́wọ́. Kì í dá wá: Cirey tó ni mọ̀nàmọ́ná, Moussa àti Hausakoy alágbẹ̀dẹ a máa bá a dé. Àwọn zima, ìyẹn àwọn àwòrò, yóò bá wọn dúnàádúrà lórí òjò ọdún náà, bí ẹni ń bá àgbà tínú ń bí sọ̀rọ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á gbé ìkòkò ètùtù tí wọ́n ń pè ní hampi wá, pẹ̀lú omi àti jéró nínú rẹ̀. Wọ́n á tẹ̀ ẹ́; bí ohun inú rẹ̀ bá ṣe dà sílẹ̀ ni wọ́n á fi mọ bí ìkórè yóò ṣe rí.

Ìbúra àti oǹdè

Eré ìdárayá wà nínú ìjọsìn Zeus fúnra rẹ̀. Ọdún 776 ṣáájú ìbí Kristi ni wọ́n kà sí ìbẹ̀rẹ̀ eré Olympia. Ìjàkadì sì wọ inú rẹ̀ ní 708. Kí ìdíje tó bẹ̀rẹ̀, àwọn eléré á búra níwájú ère Zeus kan tó di àrá mú lọ́wọ́ méjèèjì. Àwọn kan ṣì rú òfin. Láti 388 ṣáájú ìbí Kristi ni wọ́n ti ń fi owó ìtanràn àwọn tó fi rìbá ra ìṣẹ́gun rọ ère Zeus onídẹ, tí wọ́n á sì tò wọ́n sí ojú ọ̀nà pápá, kí gbogbo eléré tó ń wọlé lè rí wọn.

Niger náà ní ìjàkadì tirẹ̀. Ní 1975 ni ìdíje orílẹ̀-èdè náà bẹ̀rẹ̀ ní Tahoua; lónìí, ẹkùn mẹ́jọ ló ń kó oníjàkadì wá, idà sì ni àmì ẹ̀yẹ ẹni tó bá borí. A kì í ṣe é ní orúkọ Dongo, kò sì yẹ kí a so ó mọ́ ọn tipátipá. Síbẹ̀, ẹni tó bá rí oǹdè àti tírà lára àwọn oníjàkadì, tó sì gbọ́ bí àwọn akígbe ṣe ń kì wọ́n, yóò mọ̀ pé kì í ṣe agbára apá nìkan ni wọ́n gbẹ́kẹ̀ lé.

Ohun tó kù

Ní ìparí ọ̀rúndún kẹrin lẹ́yìn ìbí Kristi, Olú-ọba Theodosius fi òfin de ìbọ àtijọ́. Ilẹ̀ mì, tẹ́ńpìlì wó, erùpẹ̀ odò sì bo Olympia mọ́lẹ̀ pátápátá. Ṣùgbọ́n òkúta kì í gbàgbé ibi tí wọ́n tò ó sí: nígbà tí àwọn ará Jámánì bẹ̀rẹ̀ sí í wú ilẹ̀ náà ní 1875, wọ́n bá òpó àti ère níbẹ̀.

Ojúbọ tí wọ́n fi ohùn kọ́ kò rí bẹ́ẹ̀. Mùsùlùmí ló pọ̀ jù ní Niger, ọ̀pọ̀ nínú wọn kò sì fẹ́ gbọ́ orúkọ Dongo mọ́. Àìdánilójú òjò ni kò tíì lọ. Ní 1985, lẹ́yìn ọ̀dá tó mú gbogbo agbègbè Sahel, odò dáwọ́ ṣíṣàn dúró ní Niamey. Ní 2020, odò kan náà kún, ó wọ inú ilé àwọn ènìyàn. Lọ́dọ̀ tiwa, UNESCO kọ ọdún Ṣàngó ti Ọ̀yọ́ sínú àkọsílẹ̀ ogún àṣà àgbáyé ní 2023.

Ní Niamey, ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé orílẹ̀-èdè Niger ṣí ilẹ̀kùn ní oṣù Kejìlá ọdún 1959. Kò pẹ́ sígbà náà tí wọ́n ṣe ètùtù nínú ọgbà rẹ̀, tí wọ́n sì gbé ìkòkò hampi kan kalẹ̀ síbẹ̀. Rouch ya á sínú fíìmù, ó sì pe àkọlé rẹ̀ ní Hampi. Ẹnikẹ́ni lè wo ìkòkò náà nínú fíìmù yìí lónìí, ṣùgbọ́n àwọn tó mọ bí a ṣe ń ka ohun tó dà sílẹ̀ láti inú rẹ̀ kò pọ̀ mọ́.