Ta Ni Yóò Dá Ẹjọ́ Tẹlifóònù?

Kí àwọn Òyìnbó tó dé, àrokò ni àwọn baba wa fi ń ránṣẹ́ sí ara wọn. Bí ẹnìkan bá so owó ẹyọ mẹ́fà pọ̀ ránṣẹ́ sí ọ̀rẹ́ rẹ̀, ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ọkàn òun fà sí i. Ẹni tí a fi àrokò rán kò gbọ́dọ̀ dín in kù. Bí ó bá yí iṣẹ́ náà padà, kì í ṣe òun ni yóò dá ẹjọ́ ara rẹ̀.

Nígbà tí tẹlifóònù dé, ọ̀rọ̀ yí padà. Ẹ̀ka iṣẹ́ ìjọba tí ó ń bójú tó lẹ́tà àti wáyà ni ó ń ta tẹlifóònù, òun náà ni ó ń ṣe òfin rẹ̀. Ní 1985, ìjọba gbé lẹ́tà fún NIPOST, wọ́n sì gbé tẹlifóònù fún NITEL. Síbẹ̀, ọ̀dọ̀ ẹni tí ó ṣẹ̀ ẹ́ ni aráàlú ṣì ń gbé ẹ̀sùn lọ. Àwọn àgbà sì ti wí pé agbẹjọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni.

Òfin 75 ti ọdún 1992 ni ó dá àjọ NCC sílẹ̀ láti jẹ́ onídàájọ́. Nígbà tí ọdún 2001 bẹ̀rẹ̀, ìlà tẹlifóònù tí ń ṣiṣẹ́ ní Nàìjíríà kò tó mílíọ̀nù kan, bẹ́ẹ̀ ni àwa ènìyàn ju mílíọ̀nù 100 lọ. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún náà, NCC ta ìwé àṣẹ GSM ní gbàǹjo, 285 mílíọ̀nù dọ́là ni ọ̀kọ̀ọ̀kan. MTN àti Econet san án. NITEL ti ìjọba pàápàá san iye kan náà. CIL kò rí owó san ní àsìkò, ó sì pàdánù tirẹ̀.

Òfin ọdún 2003 wá la ààlà: mínísítà ni yóò máa gbé ìlànà gbogbogbò kalẹ̀, NCC ni yóò máa fún ni níwèé àṣẹ, tí yóò sì máa parí ìjà.

Ṣùgbọ́n ní 2015, NCC bu owó ìtanràn 1.04 tírílíọ̀nù náírà lé MTN nítorí nọ́ńbà tí a kò fi orúkọ sílẹ̀ dáadáa. Ìjọba àpapọ̀ bá ilé-iṣẹ́ náà dúnàádúrà, nígbà tí yóò sì fi di 2016, ó ti di 330 bílíọ̀nù. Ó lè jẹ́ àánú, ó sì lè jẹ́ ọgbọ́n. Síbẹ̀, onídàájọ́ tí ẹlòmíràn ń bá a dín ìdájọ́ rẹ̀ kù kò tíì di onídàájọ́ tán.