Ọjà Ló Ń Ya Máàpù: Láti Òkìtìpupa dé Etíkan

Ẹ mú máàpù Nàìjíríà, kí ẹ wá etíkun Ìpínlẹ̀ Oǹdó lórí rẹ̀. Ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ kan lẹ máa rí, kéèyàn tó ṣẹ́jú ó ti tán. Ó ṣeé ṣe kẹ́ ẹ má rí orúkọ Etíkan níbẹ̀ rárá, bẹ́ẹ̀ ọ̀kan nínú ìjọba mẹ́rin tó di Ìlàjẹ ni: Ugbò, Máhìn, Àhérí àti Etíkan. Ẹni tó bá fi ọjọ́ kan péré ná ọjà agbègbè yẹn á kọ́ ohun tí máàpù ò sọ.

Ká gbéra láti Òkìtìpupa, nílẹ̀ Ìkálẹ̀. Orúkọ ìlú yẹn ti ṣàlàyé ilẹ̀ rẹ̀ tán: òkìtì, ó sì pupa. Ilẹ̀ tó gba ẹ̀gẹ́ àti ọ̀pẹ ni, ohun tẹ́ ẹ sì máa bá lórí àtẹ nìyẹn: gàrí, epo pupa, ẹ̀gẹ́. Bá a bá wakọ̀ lọ sí gúúsù, a ó dé Ìgbókòdà, níbi tí mọ́tò ti ń já èrò fún ọkọ̀ ojú omi. Ẹja gbígbẹ, edé àti akàn ń ti omi bọ̀, oúnjẹ oko ń ti òkè bọ̀, wọ́n pàdé. Kì í ṣe ọba kan ló kàn jí lọ́jọ́ kan tó ní kí ọjà wà níbẹ̀. Ibi tí ẹsẹ̀ ò ti lè lọ mọ́, tí àjẹ̀ sì ti gba iṣẹ́, ibẹ̀ lọjà máa ń so sí.

Ẹ wo pupuru ná, oúnjẹ tí Ìlàjẹ àti Ìkálẹ̀ jọ ń jẹ. Wọ́n á rẹ ẹ̀gẹ́ títí á fi kan, wọ́n á fún omi rẹ̀, wọ́n á mọ ọ́n roboto, wọ́n á wá gbé e sórí iná kí èéfín gbẹ ẹ́. Kí ló dé tí wọn ò kàn sá a sóòrùn bíi láfún? Ẹni tó bá ti gbé ibi tí òjò ò ti dáwọ́ dúró, tí ilẹ̀ sì tutù láti Oṣù Kẹrin dé Oṣù Kẹwàá, á mọ ìdáhùn. Ẹ̀kọ́ ojú ọjọ́ wà nínú pupuru kan ṣoṣo, jàre.

Ìtàn náà tẹ̀ lé ọ̀nà omi yìí. Nígbà tí Ìjẹ̀bú àti Ẹ̀gbá ń ti ọ̀nà mọ́ àwọn oníṣòwò, Gómìnà Glover ti Èkó wá ọ̀nà mìíràn gba ìlà-oòrùn: wọ́n á wakọ̀ gba ọ̀sà dé Àtìjẹ́rẹ́, wọ́n á tibẹ̀ lọ sí Oǹdó. Ní nǹkan bí ọdún 1872 ni ọ̀nà náà là. Lásìkò ogun Kírìjì (1877 sí 1893), ọ̀nà yìí náà ni ìbọn fi dé ọwọ́ àwọn Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà. Àwọn ọlọ́jà ti mọ omi yẹn tipẹ́ kí òyìnbó tó fún un lórúkọ.

Àwọn ará Jámánì náà rí i. Lọ́dún 1885, ilé iṣẹ́ G. L. Gaiser ti ìlú Hamburg bá Amapetu ti Máhìn ṣe àdéhùn lórí ilẹ̀ etíkun. Wọ́n ń wá ibi tí ẹrù wọn á gbà wọlé láìsan owó oníbodè fún Gẹ̀ẹ́sì ní Èkó. Kí ọdún náà tó parí, Jámánì ti fi í sílẹ̀ fún Gẹ̀ẹ́sì. Ìjọba méjì ló tún ń du etíkun tí máàpù wa fi ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ yà yìí!

Etíkun ọ̀hún gan-an kì í sì í dúró sójú kan. Láti ìhà Èkó bọ̀, iyanrìn ni, ṣùgbọ́n bó bá ti ń lọ sí ìhà Awóyè, ẹrẹ̀ ló gbà á. Òkun ń jẹ ilẹ̀ níbẹ̀. Ayétòrò, tí wọ́n tẹ̀ dó lọ́dún 1947, ti pàdánù ọ̀pọ̀ ilé àti òpópónà sínú omi. Olùkọ́ tó bá kó àwọn ọmọ lọ sọ́jà Ìgbókòdà, kó ní kí wọ́n bi àwọn ìyá ẹlẹ́ja tó ti dàgbà léèrè: níbo ni èbúté abúlé yín wà nígbà tẹ́ ẹ ṣì kéré? Kí wọ́n kọ ìdáhùn sílẹ̀, kí wọ́n wá ṣí máàpù inú ìwé wọn wò.