Irin, Ọmọ Owú àti Ohun tí Ń Ta Jáde

Àwọn àgbà a máa sọ pé alágbẹ̀dẹ tí ó ń lu irin lójú kan náà, ó ní ohun tí ó fẹ́ fà yọ níbẹ̀. Ìfọkànsí iṣẹ́ ni a ń fi òwe náà júwe, ṣùgbọ́n bí a bá yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa, ìtàn iṣẹ́ irin gan-an ni ó wà nínú rẹ̀. Irin tí a bá lù a máa tu nǹkan jáde láti ojú ara rẹ̀.

Bí a bá dárúkọ Kado ní Abuja lónìí, ọjà ẹja àti ilé ìgbàlódé ni ó máa ń wá sí ènìyàn lọ́kàn. Ilẹ̀ àwọn Gbagyi ni gbogbo àyíká ibẹ̀ kí ìjọba àpapọ̀ tó fi òfin ọdún 1976 yà á sọ́tọ̀ fún olú-ìlú tuntun. Ní agbègbè Abuja yìí kan náà ni Taruga wà, níbi tí Bernard Fagg ti wa ilẹ̀ ní àwọn ọdún 1960. Iléru mẹ́tàlá ni ó hú jáde, pẹ̀lú ìdàrọ́, ẹnu ẹwìrì alámọ̀, àti àfọ́kù ère amọ̀ irú ti Nok. Àyẹ̀wò èédú inú wọn fi hàn pé àwọn ènìyàn ti ń yọ irin láti inú òkúta níbẹ̀ ní bí ọgọ́rùn-ún ọdún kẹrin tàbí karùn-ún ṣáájú ìbí Jésù. Ìdí nìyí tí ọ̀rọ̀ àwọn tí ń sọ pé láti Carthage tàbí Meroe ni a ti kọ́ iṣẹ́ irin fi di ohun àríyànjiyàn títí di òní.

Ó yẹ kí á mọ̀ pé irin inú iléru àtijọ́ kì í yọ́ di omi. Ìdàrọ́ ni ó ń yọ́. Irin fúnra rẹ̀ a di ìṣù kan tí ó kún fún ihò bíi kànìnkànìn, ìdàrọ́ a sì há sínú àwọn ihò náà. Alágbẹ̀dẹ a tún un fi sínú iná, a sì máa fi ọmọ owú lù ú léraléra. Bí ó ti ń lù ú ni ìdàrọ́ gbígbóná ń ta jáde, tí èépá ojú irin sì ń fọ́ dànù. Bí kò bá jáde tán, ọkọ́ tàbí àdá tí a bá fi irin náà rọ yóò dá lọ́wọ́ àgbẹ̀.

Ní sáà tí Fagg ń wa ilẹ̀ Taruga, àwọn onímọ̀ físíìsì ń wádìí ọ̀ràn kan tí ó fara jọ èyí. Ní 1960, Robert Richtmyer, ará Amẹ́ríkà, fi ìṣirò hàn pé bí ìgbì ìkọlù tí ó yára ju ohùn lọ bá la ààlà ohun méjì tí ìwúwo wọn kò dọ́gba kọjá, gbogbo gegele àti kòtò kéékèèké ojú ààlà náà yóò bẹ̀rẹ̀ sí í dàgbà. Ní 1969, Evgeny Meshkov fi àyẹ̀wò fìdí rẹ̀ múlẹ̀ ní Soviet. Ní 1976, James Asay àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà ròyìn bí ojú irin tí irú ìgbì bẹ́ẹ̀ kọlù ṣe ń tu èérún jáde. Ibi tí ó jẹ́ kòtò tẹ́lẹ̀ ni ó ń yí padà, tí ó ń tú jáde bí omi ẹnu ìṣà tóóró, tí ó sì ń fọ́n ká di eruku. Bí kòtò bá ti jìn tó ni èérún ń pọ̀ tó. Nítorí náà ni àwọn oníṣẹ́ yìí fi ń dán ojú irin wọn bíi dígí.

Èyí kò wí pé ọ̀kan náà ni iṣẹ́ méjèèjì. Ọmọ owú kò yára tó ìgbì náà; ìdàrọ́ tí ó há sínú irin ni ó ń fún jáde, nígbà tí ìgbì ń fa irin fúnra rẹ̀ ya. Síbẹ̀, ẹ̀kọ́ kan pa wọ́n pọ̀: bí ara irin ti rí kí a tó lù ú ni ó ń pinnu ohun tí yóò jáde.

Abuja ń gbòòrò sí i, ìpìlẹ̀ ilé sì lè hú ìdàrọ́ jáde níbikíbi. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n yóò kà á sí òkúta lásán, yóò sì kó o dànù. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ wa, ẹ lọ sí àgbẹ̀dẹ ìlú yín, kí ẹ kọ orúkọ gbogbo ohun tí ń ta lára irin sílẹ̀ kí àwọn tí ó mọ̀ wọ́n tó lọ tán.