Ẹ̀kọ́ Tí Ó Yẹ Ẹni Tí Ó Fẹ́ Ran Àwọn Tí Oògùn Olóró Ti Di Bárakú Fún Lọ́wọ́

Olùrànlọ́wọ́ ẹlẹgbẹ́ ni a ń pe ẹni tí oògùn olóró tàbí ọtí ti di bárakú fún nígbà kan rí, tí ó ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, tí ó sì wá ń dúró ti àwọn tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbìyànjú láti jáwọ́. Kì í ṣe dókítà, kì í sì í ṣe wòlíì. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti sin ènìyàn dé ilé-ìwòsàn, láti gbọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀ láìdá a lẹ́jọ́, àti láti jẹ́ kí ó fojú ara rẹ̀ rí i pé ènìyàn lè bọ́.

Ìdí tí a fi nílò irú wọn kò fara sin. Ìwádìí tí àjọ ìṣirò orílẹ̀-èdè wa ṣe pẹ̀lú àjọ UNODC fi hàn pé ní ọdún 2017, nǹkan bí mílíọ̀nù 14.3 ènìyàn, láti ọmọ ọdún 15 sí 64, ni ó lo oògùn olóró ní Nàìjíríà. Nínú ènìyàn márùn-ún wọn, ẹnì kan ni ìlò náà ti di àìsàn sí lára. Igbó ni ó ṣáájú. Tramadol àti oògùn ikọ́ olómi tí ó ní codeine wà lára àwọn tí ó tẹ̀lé e.

Ọ̀pọ̀ gbà pé ẹni tí ó ti jìyà nǹkan ti kọ́ ọ parí. A kò gbà bẹ́ẹ̀. Ìrírí ń mú kí aláìsàn fọkàn tán olùrànlọ́wọ́, ṣùgbọ́n ọ̀nà tí ẹnì kan gbà bọ́ lè pa ẹlòmíràn. Ẹni tí ó dá igbó dúró lójijì lè máà rí ju àìsùn àti ìkanra lọ. Bí ó bá wá sọ fún ẹni tí ó ti ń fi ọtí líle jí láràárọ̀ fún ọdún pípẹ́ pé kí ó dá a dúró lónìí bí òun ti ṣe, gìrì lè mú onítọ̀hún, iyè rẹ̀ lè rá, ó sì lè kú. Bákan náà ni oògùn amúnisùn bíi diazepam. Ọwọ́ dókítà ni a ti ń dín irú wọn kù díẹ̀díẹ̀.

Ewu mìíràn wà tí àwọn ẹbí kì í fura sí. Ẹni tí kò fọwọ́ kan tramadol tàbí heroin fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, yálà ní ilé-ìwòsàn tàbí ní ọgbà ẹ̀wọ̀n, ara rẹ̀ kò lè gba ìwọ̀n tí ó ń lò tẹ́lẹ̀ mọ́. Bí ó bá padà sí ìwọ̀n náà, mímí rẹ̀ lè dáwọ́ dúró. Ọ̀sẹ̀ tí gbogbo ilé ń dúpẹ́ pé ó ti padà dé ni ó yẹ kí a ṣọ́ ọ jù. Olùrànlọ́wọ́ gbọ́dọ̀ mọ àmì rẹ̀: a jí i kò jí, ó ń hanrun lọ́nà tí ó ṣàjèjì, ètè rẹ̀ ń dúdú. Kí ó tẹ́ ẹ sí ẹ̀gbẹ́ kan, kí ó má fi í sílẹ̀, kí ó sì tètè gbé e dé ilé-ìwòsàn tí wọ́n ti lè fún un ní naloxone. Epo pupa àti mílíìkì kò ṣe nǹkan kan níbẹ̀. Ohun tí a bá dà sẹ́nu ẹni tí kò mọ ara rẹ̀ lè gba ọ̀nà èémí lọ.

Pípa àṣírí mọ́ náà gba ẹ̀kọ́, pàápàá láàrin wa tí ìjẹ́rìí níwájú ìjọ ti di àṣà. Olùrànlọ́wọ́ lè sọ ìtàn ara rẹ̀. Ìtàn ẹni tí ó ń ràn lọ́wọ́ kì í ṣe tirẹ̀ láti sọ, kódà fún ìyá onítọ̀hún, àfi bí ẹ̀mí bá wà nínú ewu.

Olùrànlọ́wọ́ pàápàá nílò alábòójútó, nítorí pé gbígbọ́ ọ̀rọ̀ oògùn lójoojúmọ́ lè tún jí ìfẹ́ rẹ̀ sókè nínú òun náà. Ní Ìpínlẹ̀ Ògùn, ní ọdún 1954 ni Dókítà Adéoyè Lámbò bẹ̀rẹ̀ sí í fi àwọn aláìsàn ọpọlọ wọ̀ sílé àwọn ará abúlé ní àyíká Arò, l'Ábẹ̀òkúta. Àwọn ará abúlé ṣe gudugudu méje, ṣùgbọ́n ilé-ìwòsàn wà nítòsí wọn.

Bí ẹnikẹ́ni bá wá sí ilé yín pé òun lè ran ọmọ yín lọ́wọ́, ẹ bi í léèrè ta ni alábòójútó rẹ̀ àti ilé-ìwòsàn tí ó ń bá ṣiṣẹ́. Ẹ tún lè pe àjọ NDLEA lọ́fẹ̀ẹ́, lọ́sàn-án tàbí lóru, lórí 0800 1020 3040.