Kíki àti Yíyọ: Ìtàn Ẹrù Ìbọn Láti Ìgbà Ṣakabùlà

Níbi tí àwọn ọdẹ bá ti ń bá ìlú ṣe ọdún, ìbọn wọn ni í kọ́kọ́ sọ fún ará oko pé nǹkan ti bẹ̀rẹ̀ nílé. Ìbọn a dún gbàmù, èéfín a bo ojúde, àwọn ọmọdé a fi ọwọ́ di etí, àwọn ìyá a máa kí ara wọn kú ọdún. Ìbọn tó dún ni gbogbo ènìyàn ń yìn. Ṣùgbọ́n nínú ìbọn mẹ́wàá tó yẹ kó dún, ọ̀kan lè kọ̀. Olówó rẹ̀ a fa apátí títí, kò ní dún. Ojú a tì í díẹ̀, a gbé e kọ́ èjìká, a tẹ̀lé ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ. Ẹrù inú ìbọn náà kò lọ síbì kan. Ó bá a délé, ó bá a wọ yàrá, ó fi ara ti ògiri níbi tí àwọn ọmọ ti ń ṣeré.

Àwọn àgbà ní a kì í fi iná sórí òrùlé sùn. Ìtàn ìbọn tí a sábà máa ń sọ ní ilẹ̀ wa, ìtàn kíki àti yíyìn ni: ta ló yìn ín, ogun wo ló ṣẹ́, ẹran wo ló pa. Ìtàn yíyọ kò wọ́pọ̀ lẹ́nu wa, bẹ́ẹ̀ ni ìdajì ọgbọ́n ìbọn wà níbẹ̀.

Ọdẹ ti wà kí ìbọn tó dé. Ọrun àti ọfà, ọ̀kọ̀ àti tàkúté ni àwọn baba ńlá wa fi ń ṣe é. Ọkọ̀ ojú omi àwọn òyìnbó ló gbé ìbọn dé etíkun. Láàrin ọdún 1700 sí 1900, ọ̀pọ̀ ìbọn tí wọ́n rọ ní Birmingham ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti ní Liège ní ilẹ̀ Bẹ́ljíọ̀mù ni wọ́n já sí etíkun wa, tí wọ́n sì gba ọwọ́ oníṣòwò kan dé òmíràn títí wọ inú ilẹ̀. Kí a má fi òtítọ́ pa mọ́: ènìyàn ni wọ́n fi ra ọ̀pọ̀ nínú wọn. Ìbọn ń mú ẹrú wá, ẹrú tún ń mú ìbọn wá. Àwọn òyìnbó kan a máa fi orúkọ ilẹ̀ Denmark pè é, nítorí pé àwọn oníṣòwò ilẹ̀ náà wà lára àwọn tó ń tà á ní etíkun Áfíríkà. Lẹ́nu tiwa, ṣakabùlà ni.

Ẹnu ìbọn ni a ti ń ki ṣakabùlà. Ẹ̀tù ni yóò kọ́kọ́ wọlé, lẹ́yìn náà èdídí, ìyẹn òwú tàbí àkísà tí a fi dí ẹ̀tù mọ́lẹ̀. Ọta tẹ̀ lé e, bí ó bá jẹ́ ìbọn ogun tàbí ti igbó, èdídí mìíràn a sì tún dí i kí ọta má baà yí jáde. Ọ̀pá ìkibọn ni a fi ń ti gbogbo rẹ̀ dé ìdí. Lẹ́yìn èyí ni a óò da ẹ̀tù díẹ̀ sínú àwo kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìbọn. Bí a bá fa apátí, akọ òkúta a kọlu irin, iná a ṣẹ́ sínú àwo, a gba ihò kékeré wọlé lọ bá ẹ̀tù inú.

Ohun tó lè bà á jẹ́ pọ̀. Òjò lè rin ẹ̀tù inú àwo. Òkúta lè ti kú. Ihò kékeré náà lè dí. Nígbà mìíràn iná àwo a bù gbùlà, ti inú kò sì gbọ́. Ìbọn tí a ti ki tí kò dún ṣòro ju ìbọn òfìfo lọ, nítorí pé kò sí ẹni tó mọ ìgbà tí yóò pa ọkàn dà.

Ìdí nìyí tí àwọn tó rọ ìbọn fi rọ irin tí a fi ń yọ ẹrù pẹ̀lú rẹ̀. Orí ọ̀pá ìkibọn ni a ń dè é mọ́. Oríṣi méjì ni. Àkọ́kọ́ jẹ́ irin ẹlẹ́nu méjì tó lọ́ pọ̀ bí ìrù ẹlẹ́dẹ̀. Àwọn Faransé ń pè é ní tire-bourre. Èdídí ni ó ń mú: a tì í wọlé, a yí i, a sì fà á. Èkejì dà bí ìṣó tí a ń yí wọ inú pákó. Tire-balle ni orúkọ rẹ̀. Òjé rọ̀, nítorí náà ẹnu ìṣó yìí a jẹ wọ inú ọta, a sì bá ọ̀pá jáde. Bí a bá sọ pé ibẹ̀ ni ìtàn irin ìyọta ti bẹ̀rẹ̀, a kò purọ́.

Irin yìí kò tó láìsí ìlànà. Ọwọ́ ọdẹ tó gbọ́n kì í yá sí ẹnu ìbọn. Yóò kọ́kọ́ gbọn ẹ̀tù inú àwo dànù, yóò yọ akọ òkúta kúrò tàbí kó fi awọ dì í, kí iná má lè ṣẹ́. Yóò da omi sínú ìbọn, yóò sì dúró títí ẹ̀tù yóò fi rin gbingbin, nítorí pé ẹ̀tù tó ti di ẹrẹ̀ kò lè bínú mọ́. Nígbà náà ni yóò tó máa yọ ọ́, láìjẹ́ kí ojú tàbí àyà rẹ̀ dojú kọ ẹnu ìbọn rárá. Òwe tiwa béèrè pé ìbọn ní apátí, kò ní apátí, ta ni yóò jẹ́ kí wọ́n kọ ojú rẹ̀ sí òun? Òwe yìí kan ẹni tó ń yọ ẹrù ju ẹnikẹ́ni lọ.

Ọ̀nà kan tún wà láti mọ̀ bóyá ẹrù wà nínú ìbọn. A ó ti ọ̀pá sínú ìbọn tó dájú pé ó ṣófo, a ó sì fi ọ̀bẹ sàmì sí ibi tí ẹnu ìbọn bá a dé. Ní ọjọ́ mìíràn, bí ọ̀pá náà bá wọlé tí àmì kò dé ẹnu ìbọn, nǹkan wà nísàlẹ̀. Kò gba owó, kò gba ìwé.

Ìjàngbọ̀n tó wà nínú ẹrù tí a kò yọ hàn gbangba ní Amẹ́ríkà. Ní oṣù Keje ọdún 1863, nínú ogun abẹ́lé wọn, wọ́n jà fún ọjọ́ mẹ́ta ní Gettysburg. Nígbà tí wọ́n ṣa ìbọn tó wà nílẹ̀, ó tó nǹkan bí 27,000. Nǹkan bí 24,000 nínú wọn ni ẹrù ṣì wà nínú rẹ̀. Nǹkan bí 12,000 ló ní ẹrù méjì lórí ara wọn, àwọn mìíràn sì ní mẹ́ta títí dé mẹ́wàá. Nínú ariwo àti èéfín, ọmọ ogun kò mọ̀ pé tirẹ̀ kò dún. Ó rò pé ó ti lọ, ó sì tún ki òmíràn lé e. Ẹni tó bá yin irú ìbọn bẹ́ẹ̀, irin rẹ̀ lè fọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́.

Àwọn ará Kétu náà mọ ariwo àti èéfín. Yàrà àti ògiri ló yí ìlú ká, Akaba Ìdènà sì ni ẹnu ọ̀nà rẹ̀, èyí tó ṣì wà títí di òní. Ní 1883, ogun Dàhòmì wá lábẹ́ ọba Glele, Alákétu Ojeku sì bá ogun náà lọ. Ní 1886 wọ́n padà wá, wọ́n wọ ìlú, wọ́n dáná sun ún, wọ́n sì kó àwọn ènìyàn lẹ́rú lọ sí Abomey. Ìbọn tí a ń ki lẹ́nu wà lọ́wọ́ àwọn ọmọ ogun Dàhòmì, lọ́kùnrin lóbìnrin. Lẹ́yìn tí àwọn Faransé ṣẹ́gun Behanzin ni àwọn tó ṣẹ́kù lára àwọn ọmọ Kétu tó padà wá tún ilé kọ́.

Ní nǹkan bí ìgbà yẹn kan náà ni àwọn ọmọ ogun Faransé bẹ̀rẹ̀ sí í lo ìbọn Lebel, ìbọn ológun àkọ́kọ́ tó ń lo ẹ̀tù tí kò ní èéfín. Paul Vieille ló ṣe ẹ̀tù náà ní 1884. A kò ki Lebel lẹ́nu mọ́. Ọta, ẹ̀tù àti ohun tí ń ṣáná ti wà pọ̀ nínú ago idẹ kan, èyí tí Faransé ń pè ní cartouche, tí ẹnu wa sọ di kàtúùsù. Bí èyí kò bá dún, a ó ṣí ìbọn, a ó sì mú un jáde. Yíyọ ẹrù kúrò nínú ìbọn wá di ohun ìṣẹ́jú kan.

Kí ló wá dé tí ṣakabùlà kò fi kúrò lọ́wọ́ àwọn ọdẹ wa? Ìdáhùn kan wà nínú ìwé àdéhùn tí àwọn ìjọba òyìnbó fọwọ́ sí ní Brussels ní ọjọ́ 2 oṣù Keje ọdún 1890. Wọ́n ní kí a má ṣe tún kó ìbọn ìgbàlódé wọ apá ńlá kan ní ilẹ̀ Áfíríkà, àfi fún ìjọba àti àwọn díẹ̀ tó gba àṣẹ. Ìbọn olókùúta tí inú rẹ̀ dán, àti ẹ̀tù lásán, ni wọ́n fi sílẹ̀ fún títà. Ìbọn tí Yúróòpù ti kọ̀ sílẹ̀ ni wọ́n gbà fún wa. Àwọn alágbẹ̀dẹ wa sì tọ́jú rẹ̀, wọ́n ń tún un ṣe, títí ó fi di tiwa, tí ó sì di ohun ọ̀ṣọ́ ọdún.

Ní òkè òkun, ọ̀rọ̀ yíyọ kò tán. Ago idẹ wọ́n, àwọn ọdẹ Amẹ́ríkà kò sì fẹ́ máa jù ú nù. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣa èyí tí wọ́n ti yìn, wọ́n ń tún un ki. Ní 1884, John Barlow dá ilé iṣẹ́ Ideal sílẹ̀ ní Connecticut láti máa rọ irinṣẹ́ fún iṣẹ́ yìí. Ẹni tó ń ki nǹkan fúnra rẹ̀ lè ṣe àṣìṣe: ó lè da ẹ̀tù púpọ̀ jù, tàbí kó gbàgbé rẹ̀ pátápátá. Báwo ni yóò ṣe yọ ọta náà? Arrache-balle ni èdè Faransé ń pe irinṣẹ́ tí wọ́n fi ń ṣe é, oríṣi méjì ló sì gbajúmọ̀.

Èkíní dà bí òòlù tí orí rẹ̀ ní ihò. A ó fi kàtúùsù sínú rẹ̀, a ó há ìdí rẹ̀ mọ́ ọn, a ó sì lu òòlù náà mọ́ igi líle. Òòlù dúró, ago idẹ dúró pẹ̀lú rẹ̀, ṣùgbọ́n ọta ṣì ń lọ: ó yọ kúrò, ó bọ́ sínú ihò pẹ̀lú ẹ̀tù. Bí ọkọ̀ bá dúró lójijì tí èrò inú rẹ̀ sì ṣubú síwájú, ọgbọ́n kan náà ni. Èkejì jọ ẹ̀mú alágbẹ̀dẹ. Orí ẹ̀rọ tí a dè mọ́ tábìlì ló ń wà. Ẹ̀mú a di ọta mú, ẹ̀rọ a sì fa ago idẹ sísàlẹ̀. Òòlù kò wọ́n, ó sì gba ọ̀pọ̀ ìwọ̀n ọta, ṣùgbọ́n ó lọ́ra, ó sì láriwo. Ẹ̀mú yá, ẹ̀tù kì í sì í dà sílẹ̀. Àmọ́ ìwọ̀n ọta kọ̀ọ̀kan ní ẹ̀mú tirẹ̀, kì í sì í di ọta kúkúrú mú dáadáa. Ẹni tí tirẹ̀ kò ju mélòó kan lọ a ra òòlù. Ẹni tí tirẹ̀ pọ̀ a ra ẹ̀mú.

Èèwọ̀ wà fún òòlù náà. Kàtúùsù tí ohun ìṣáná rẹ̀ wà ní etí ìdí rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ wọ inú rẹ̀, nítorí pé ibi tí òòlù ti há a mọ́ ni iná rẹ̀ wà. Ọta ológun tó ń gbiná tàbí tó ń bú kò gbọ́dọ̀ dé ibẹ̀. Ẹ̀tù tí a kò mọ irú rẹ̀, a kì í tún un lò. Ẹni tó bá sì rí kàtúùsù àtijọ́ nínú oko, kí ó má ṣe lù ú, kí ó má ṣe jù ú síná. Kí ó sọ fún olórí àdúgbò tàbí ọlọ́pàá. Ẹni tó ní ìwé àṣẹ nìkan ni iṣẹ́ yìí tọ́ sí.

Láti orí irin ìrù ẹlẹ́dẹ̀ títí dé orí òòlù oníhò, ọ̀rọ̀ kan náà ni ìtàn yìí ń sọ: gbogbo ìlú tó kọ́ bí a ṣe ń ki ìbọn ló ní láti kọ́ bí a ṣe ń yọ ọ́. Ní tiwa, ọ̀pá ìkibọn ṣì wà, ṣùgbọ́n ní ọ̀pọ̀ ilé, irin tó yẹ kó wà lórí rẹ̀ ti sọnù. Ọ̀dọ́ tó jogún ìbọn baba rẹ̀ kò jogún irin náà, kò sì jogún ọ̀rọ̀ tó bá a rìn.

Àtúnṣe rẹ̀ kò jìnnà. Alágbẹ̀dẹ tó lè tún ìbọn ṣe lè rọ irin ìrù ẹlẹ́dẹ̀. Olórí ọdẹ lè ní kí a má yin ìbọn ọdún pẹ̀lú ọta, kí a má sì kọjú èdídí pàápàá sí ènìyàn. Lẹ́yìn ayẹyẹ, kí ìbọn tó kúrò lójúde, a lè pe àwọn ọdẹ jọ, kí olúkúlùkù ti ọ̀pá sínú tirẹ̀ lójú àgbà. Èyí tí àmì rẹ̀ kò bá dé ẹnu, omi ni kí a kọ́kọ́ bù sí i. Àwọn aṣojú ìjọba tó bá wà níbẹ̀ lè fojú rí i pé àṣà wa ní ìṣọ́ra nínú.

Ìbọn tó dún ti jẹ́ iṣẹ́ rẹ̀. Èyí tí kò dún ni kí ojú wa wà lára rẹ̀. Kí Ògún má mu ẹ̀jẹ̀ wa, kí ọdún yabo, kí ẹni tó jáde ọdún bá ilé rẹ̀ ní àlàáfíà.