Bébà Létí Òkun: Ìtàn Kékeré Kan Láti Ìlàjẹ

Ọ̀rọ̀ mẹ́ta ni Yorùbá ń lò jù fún ohun tí a ń kọ nǹkan sí, ọ̀kọ̀ọ̀kan ló sì ní ọ̀nà tó gbà dé ọ̀dọ̀ wa. Tákàdá gba ọwọ́ Hausa wá, Hausa sì gbà á lọ́wọ́ Lárúbáwá. Òun, tàdáwà, wàláà àti kálámù ni wọ́n jọ rìn nínú àpò àwọn àlùfáà Mùsùlùmí, kí òyìnbó tó gbé ilé ìwé kankan kalẹ̀ láàárín wa. Bébà gba ojú omi wá, láti ẹnu Gẹ̀ẹ́sì. Ìwé ni tiwa. Ọ̀pọ̀ wa gbà pé inú ọ̀rọ̀-ìṣe "wé" ló ti jáde, ohun tí a lè wé, tí a lè ká. Ká má tíì sọ ti báírò, tó jẹ́ orúkọ èèyàn gan-an, László Bíró, ọmọ ilẹ̀ Hungary tó gba ẹ̀tọ́ àṣẹ sórí kálámù oníbọ́ọ̀lù rẹ̀ ní 1938. Lónìí, ìyá arúgbó tó ń ta ẹja ní Máhìn yóò ní kí ọmọ ba òun mú báírò wá, kò sì ní mọ̀ pé ọmọ ará Yúróòpù kan lòún ń pè.

Ohun tó mú mi padà sídìí àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí ni ìrìn àjò tí mo ṣe lọ kí àwọn ẹbí wa ní Ìlàjẹ. Ọmọ àbúrò mi obìnrin kan tó ń gbé ní Ìgbókòdá ti fi iṣẹ́ olùkọ́ sílẹ̀, ó ń ṣe ìwé. Kì í ṣe ìwé kíkà o. Jótà, káàdì ìkíni, kàlẹ́ńdà, ìwé ìnáwó ilé, ìwé tí àwọn oníṣòwò ẹja fi ń kọ gbèsè sílẹ̀ ló ń ṣe. Òun ló ń ya ẹ̀yìn wọn, òun ló ń rán wọn. Ó mú mi mọ àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ mélòó kan tí wọ́n ń ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ní Àkúrẹ́, Ìbàdàn àti Èkó, kálukú láyè ara rẹ̀, láìsí ilé iṣẹ́ ńlá kankan lẹ́yìn wọn. Àwọn kan ń fi àdìrẹ bo ẹ̀yìn ìwé, àwọn kan ń lo àǹkárá. Ọmọ wa ní tirẹ̀ mú bátànì ẹní tí àwọn obìnrin Ìlàjẹ ń hun, ó yà á sórí páálí. Àwọn olówó Èkó ń rà á, wọn ò mọ̀ pé ẹní tí ìyá ẹnì kan ń sùn lé ni wọ́n ń gbé lọ sí ìpàdé.

Mo fẹ́ sọ fún wọn pé iṣẹ́ wọn kì í ṣe tuntun. Lójú tèmi, ẹni tó yẹ kí wọ́n máa pè ní baba ìsàlẹ̀ wọn ni John Augustus Otunba Payne, ọmọ Ìjẹ̀bú tí wọ́n bí sí Sàró, tó di akọ̀wé àgbà ní ilé ẹjọ́ gíga Èkó. Láti ọdún 1874 ni Payne ti ń tẹ álímánákì òun dáyárì tirẹ̀ jáde fún Èkó àti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Ẹ wo ọgbọ́n tó wà níbẹ̀. Dáyárì òyìnbó kún fún ọjọ́ ìbí àwọn ọba Gẹ̀ẹ́sì. Payne náà kò yọ ìyẹn kúrò, ṣùgbọ́n ó fi ọ̀rọ̀ ilẹ̀ yìí kún un, títí tó fi jẹ́ pé ní 1893, ó tẹ àkójọ àwọn ìṣẹ̀lẹ̀ pàtàkì inú ìtàn Yorùbá jáde lọ́tọ̀. Ẹni tó bá ra ìwé náà torí àtimọ ọjọ́ tí ilé ẹjọ́ yóò jókòó, á bá ìtàn ara rẹ̀ pàdé lójú ewé. Payne kọ́ ni ó dá iṣẹ́ ìtẹ̀wé sílẹ̀ láàárín wa, ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sípò rẹ̀. Henry Townsend ti ń tẹ Ìwé Ìròyìn ní Abẹ́òkúta láti 1859. Robert Campbell, ọmọ Jàmáíkà, bẹ̀rẹ̀ ìwé ìròyìn Anglo-African ní Èkó ní 1863. Richard Beale Blaize, tó kọ́ iṣẹ́ ìtẹ̀wé kó tó di gbajúmọ̀ olówó, dá Lagos Times sílẹ̀ ní 1880. Ṣùgbọ́n ìwé ìròyìn la máa ń rántí, torí pé òun ló ń pariwo. Ìwé òfìfo, èyí tí èèyàn yóò fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ nǹkan sí, àwọn onítàn kì í sábà yà sọ́dọ̀ rẹ̀.

Bẹ́ẹ̀, ìwé òfìfo kì í ṣòfìfo rárá. Ẹni tó fa ìlà sí i ti pinnu ohun tí a ó kọ. Ẹ rántí ìwé ìforúkọsílẹ̀ ilé ìwé ayé àtijọ́: orúkọ, orúkọ baba, ẹ̀sìn, ọjọ́ orí. Níbo ni àyè oríkì wà? Níbo ni orúkọ àmútọ̀runwá wà, tí kì í ṣe ọ̀kan náà pẹ̀lú orúkọ àbísọ? Ọmọ tó ní orúkọ méje nílé jókòó ní kíláàsì pẹ̀lú méjì, torí pé kọ́lọ́ọ̀mù méjì péré ni ẹni tó tẹ ìwé náà fà sílẹ̀. Mo ti rí i nínú iṣẹ́ mi pé oríkì àbísọ, Àjọkẹ́, Àkànní, Àbẹ̀ní, ń parẹ́ lẹ́nu àwọn ọmọ kíákíá ju orúkọ mìíràn lọ. Gbogbo èèyàn ló ń dá ẹ̀sìn àti òyìnbó lẹ́bi. Èmi ń dá fọ́ọ̀mù lẹ́bi pẹ̀lú.

Etíkun Ìlàjẹ mọ agbára bébà ju ibi púpọ̀ lọ, torí pé bébà kan fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ wọ́n di ará Jámánì. Ní oṣù Jánúárì 1885, aṣojú ilé iṣẹ́ oníṣòwò kan láti Hamburg, G. L. Gaiser, bá Amapetu ti Máhìn ṣe àdéhùn lórí ilẹ̀ etí òkun. Oníṣòwò ni, epo pupa àti èkùrọ́ ló ń wá, ó fẹ́ èbúté tí Gẹ̀ẹ́sì ò ní gba owó bodè lé lórí. Ní Mááṣì, Gustav Nachtigal, ẹni tí ìjọba Jámánì rán láti gba ilẹ̀ káàkiri etíkun wa, dé, ó sì kéde pé Máhìn ti wà lábẹ́ ààbò Jámánì. Kò tó oṣù méjì lẹ́yìn náà tó kú lójú omi. Àwọn tó wà ní Berlin kò fọwọ́ sí i tán. Kí ọdún náà tó parí, wọ́n ti yọwọ́, wọ́n fi í sílẹ̀ fún Gẹ̀ẹ́sì. Láàárín oṣù díẹ̀ wọ̀nyẹn, àwọn apẹja jí, wọ́n lọ sódò, wọ́n bọ̀, wọ́n ta ẹja. Inú àpótí àwọn ẹlòmíràn ni ilẹ̀ wọn ti ń rìn láti ọwọ́ dé ọwọ́.

Ká wá sọ ti bébà fúnra rẹ̀, ohun tí a fi ọwọ́ dì mú. Ọmọ wa sọ fún mi pé gbogbo bébà tí òun ń lò, òkè òkun ló ti ń wá, bí dọ́là bá ṣe lọ sókè ni owó jótà òun ń lọ. Ó dùn mí, torí pé ọ̀rọ̀ yìí kò yẹ kó rí bẹ́ẹ̀ ní agbègbè yẹn. Ìjọba àpapọ̀ dá ilé iṣẹ́ bébà mẹ́ta sílẹ̀: Jẹ́bbà fún bébà líle tí a fi ń di ẹrù, Oku Iboku fún bébà ìwé ìròyìn, àti Ìwòpin, ní ìpínlẹ̀ Ògùn, fún bébà ìkọ̀wé àti ìtẹ̀wé gan-an. Etí ọ̀sà ni Ìwòpin wà, ojú omi kan náà tí àwọn Ìlàjẹ ń tọ̀ lọ sí Ẹ̀pẹ́ àti Èkó. Wọ́n gbin igi melínà lọ súà nínú igbó ọba Ọmọ àti igbó ọba Olúwà, tí èyí kejì wà ní ìpínlẹ̀ Oǹdó wa níbí, pé òun ni wọn yóò máa lọ̀ di bébà. Igi hù. Ilé iṣẹ́ Ìwòpin kò rin ìrìn tó jọjú kó tó dákẹ́. Àwọn alágbẹ̀dú pákó ló wá ń la melínà náà di pákó òrùlé. Nígbà tí mo ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi, tí a ń fi ẹ̀yìn ìwé ìdánwò ọdún tó kọjá kọ nóòtì torí ọ̀wọ́n bébà, igi tó yẹ kó di bébà náà ń bẹ nínú igbó.

Omi iyọ̀ náà ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀. Bébà tó bá dé etíkun á mu ọ̀rinrin, á wú, irin kékeré tí wọ́n fi ń di ewé rẹ̀ pọ̀ á dípẹtà, àwọ̀ ìpẹtà náà á sì jẹ wọ inú ọ̀rọ̀. Ọmọ wa ti wá nǹkan ṣe sí i: òwú àwọ̀n ló fi ń rán ìwé, òwú ọ̀rá tí àwọn apẹja fi ń tún àwọ̀n wọn ṣe. Kì í jẹrà, kì í dípẹtà, ó pọ̀ lọ́jà Ìgbókòdá, kò wọ́n. Mo béèrè ibi tó ti rí ọgbọ́n náà. Ó ní ọkọ òun ló ń tún àwọ̀n ṣe lẹ́gbẹ̀ẹ́ òun nígbà tí òun ń bínú sí pín-ìnnì tó dípẹtà.

Ibi tí mo ti wúlò fún wọn díẹ̀ ni ọ̀rọ̀ àmì. Káàdì wọn dára, ṣùgbọ́n Yorùbá tó wà lára púpọ̀ nínú wọn ń bú ara rẹ̀. Mo rí "E ku oriire" láìní àmì kankan. Mo rí ọ̀kan tí àmì sábẹ́ ọ rẹ̀ ti fò lọ sábẹ́ lẹ́tà mìíràn, tí àmì ohùn sì dúró lójú afẹ́fẹ́ bí ẹyẹ. Mo fẹ́ bínú, ṣùgbọ́n ẹ̀bi wọn kọ́. Láti 1875 tí Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti jókòó ní Èkó lórí àkọtọ́ ni ẹ, ọ àti ṣ ti fìdí múlẹ̀. Kọ̀ǹpútà ló pẹ́ kó tó gbọ́. Ẹ tó ní àmì sábẹ́ ní nọ́ńbà tirẹ̀ nínú ètò Unicode. Ẹ̀ àti ẹ́ kò ní: lẹ́tà kan àti àmì kan tó ń fò lé e lórí ni wọ́n jẹ́, tí ẹni tó ṣe fọ́ńtì kò bá sì ronú kàn wá, àmì náà á já sí ibi tó wù ú. Nítorí náà àwọn ọmọ yìí máa ń yan fọ́ńtì tó rẹwà, wọ́n á sì yọ àmì dànù kí ojú káàdì lè gún. A jọ jókòó, a dán fọ́ńtì bíi ogún wò, mẹ́rin ló yege.

Ó sì tún ku ohun kan tí kò kan kọ̀ǹpútà. Yorùbá àjùmọ̀lò kì í fi "u" bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀-orúkọ, Ìlàjẹ ń fi í bẹ̀rẹ̀: ẹ sáà wo Ùgbò àti Ugbonla lórí máàpù. Ọmọ wa bi mí bóyá òun lè tẹ káàdì ní ẹ̀ka èdè ilé, pé ṣé kì í ṣe àṣìkọ. Mo ní kó tẹ̀ ẹ́. Àkọtọ́ wà fún kí a lè kà á ni, kò wà fún kí ìyá ẹni di aláìmọ̀wé lójú káàdì tí a rà fún un.

Ìwé rẹ̀ tó gbà mí lọ́kàn jù ni èyí tó pè ní Ìwé Ẹbí. Nígbà tó fẹ́ fa ìlà rẹ̀, ó lọ bá àwọn àgbà, ó bi wọ́n pé kí ni wọ́n fẹ́ kí ọmọ wọn mọ̀. Ìdí nìyẹn tí kọ́lọ́ọ̀mù rẹ̀ kò fi jọ ti ilé ìwé: orúkọ àbísọ, àmútọ̀runwá, oríkì, ẹni tó gbẹ̀bí, èèwọ̀ ìdílé, ibi tí wọ́n sin ìwọ́ ọmọ sí. Mo ṣe ìwádìí èdè fún ohun tó lé lógójì ọdún, mi ò sì rí fọ́ọ̀mù tó dára tó bẹ́ẹ̀.

Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ra ìwé náà jẹ́ ará Aiyétòrò. Ẹ ó rí i pé àkọtọ́ àtijọ́ ni wọ́n ṣì fi ń kọ orúkọ ìlú wọn, "aiye", wọn ò ka ti 1974 sí. Ìlú tí àwọn ọmọ ìjọ Kérúbù àti Séráfù tẹ̀ dó létí òkun ní Jánúárì 1947, tí gbogbo wọn ń ṣiṣẹ́ sínú àpò kan, tí wọ́n ní ibi ìkanọkọ̀, ibi ìránṣọ, ibi ìṣebàtà, tí wọ́n tan iná mànàmáná ní 1953 nígbà tí ọ̀pọ̀ ìlú ńlá wa ṣì ń fi àtùpà rìn. Òkun ti ń jẹ ìlú náà láti ọdún pípẹ́. Àwọn àdúgbò odindi ti lọ, ilé iṣẹ́ wọn ti lọ, ògiri ìdènà tí wọ́n ti ń ṣèlérí fún wọn láti nǹkan bí ogún ọdún sẹ́yìn kò tíì dúró.

Ọmọ wa fi ẹ̀dà kan hàn mí tí ìdílé kan dá padà pé kó bá wọn tún ẹ̀yìn rẹ̀ rán, wọ́n sì gbà kí n wò ó. Ọmọ mẹ́sàn-án ni wọ́n kọ síbẹ̀, láti 1961 títí dé 1983, ọwọ́ ìkọ̀wé ìyá wọn gbọn díẹ̀ ṣùgbọ́n ó ṣe é kà. Ní kọ́lọ́ọ̀mù ibi tí wọ́n sin ìwọ́ sí, ó kọ ẹ̀yìnkùlé fún èyí àkọ́kọ́, ìdí igi àgbọn fún èkejì, ó ń kọ ọ́ lọ bẹ́ẹ̀ fún gbogbo wọn. Lẹ́yìn náà ẹlòmíràn, bóyá ọ̀kan nínú àwọn ọmọ, ti fi báírò pupa kọ ọ̀rọ̀ kan náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ méje nínú mẹ́sàn-án: "òkun". Ọmọ wa ní òun ń ronú láti fi kọ́lọ́ọ̀mù kan kún àtẹ̀jáde tó ń bọ̀, fún ibi tí ilẹ̀ náà wà nísinsìnyí. Kò tíì mọ ohun tí òun yóò kọ sórí kọ́lọ́ọ̀mù náà.